Ọta Ọgọ́rin Nínú Ọ̀pá Mẹ́sàn-án

Ọta tó wúwo jù nínú gbogbo àpótí tó wà lórí tábìlì náà kò gùn ju oríkèé ìka mi kan lọ. Bàbá arúgbó náà gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi. Mo ronú títí, nítorí mi ò fẹ́ sọ ohun tí kò tọ́. Nígbà tó yá, mo ní ó dà bí owó irin igba lírà. Ó wò mí, ó gbé ọta náà lé orí òṣùwọ̀n kékeré kan, ó wá owó irin igba lírà kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sí apá kejì. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

"Ọwọ́ rẹ mọ nǹkan," ló wí. "Ó dáa. Máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé."

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ní Torino, ní Italy, nìyẹn, ní àárín àwọn ọdún 1990, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí mo gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní Padova. Iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ wá sí Torino ti fẹ́sẹ̀ fẹ́ ẹ kí n tó tú ẹrù mi tán. Mo wá kọ ìwé pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tabaccheria tó wà nísàlẹ̀ ilé tí mo háyà yàrá sí, níbi tí wọ́n ti ń ta sìgá àti tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Mo ní mo ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àwọn ọmọ ni mo ń retí. Ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló wá, tó gbé ìwé ńlá kan há abíyá. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́, ṣùgbọ́n òun nílò ẹni tó máa ka ìwé yìí fún òun. Ìwé Amẹ́ríkà ni. Ó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọta ìbọn ìdíje: bí a ṣe ń yan orí ọta, bí a ṣe ń tọ́jú agolo idẹ tí a máa ki ẹ̀tù sí, àti ìwọ̀n ẹ̀tù tí èèyàn kò gbọdọ̀ kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti rà á. Àwòrán àti òǹkà inú rẹ̀ nìkan ló lè kà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí lára mi, nítorí mo máa ń rò pé bí mi ò bá ṣàlàyé ara mi tán, wọn yóò ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ìbọn lè pa mí. Bàbá tó bí ìyá mi jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Ògùn. Igun yàrá rẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ máa ń wà, ọmọbìnrin kankan kò sì gbọdọ̀ dá a kọjá, kódà a kì í gbálẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń wò ó bó ṣe ń da ẹ̀tù láti inú àdó sínú ìkarahun ìgbín kékeré kan, láti inú ìkarahun yẹn sí ẹnu ìbọn. Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ìyá mi ní ilé ìdáná. Mo rò pé ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé mi dé Padova. Ẹ̀rù tó wá bà mí ní iwájú tábìlì bàbá yìí ni pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún mi lójijì, mo sì ń wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan máa pè mí padà.

Ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń yìnbọn sí bébà ní pápá ìyìnbọn, ìbọn ńlá ló sì ń lò. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní èjìká. Dókítà ní bí ìbọn ńlá bá tún ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ó wá lọ gbé ìbọn kékeré kan jáde, èyí tí kì í tani nípàá, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá, wọn yóò yẹ ojú rẹ̀ wò kí wọ́n tó lè tún ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ ṣe, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé ojú náà ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ wọn máa ń díje ní ẹgbẹ̀ta mítà, nínú àfonífojì kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó fẹ́ yìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

"Kí o má rò pé mo fẹ́ gba ipò kìíní," ló wí. "Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi jáde ni."

A ṣe àdéhùn tó hàn kedere. Òun ló ní ìwé àṣẹ, òun nìkan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀tù, òun ló ń di ọta. Tèmi ni kíkà, wíwọ̀n, ìṣirò, àti kíkọ nǹkan sílẹ̀. Ó ń pè mí ní dottoressa, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó gboyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pè é bí ẹni tó ń fi ọ̀pá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lédè Italy, mo ń pè é ní signore, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni. Nínú ọkàn mi, Bàbá ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó se kọfí fún mi. Orí pẹpẹ kan náà tí ó kó epo ìnubọn sí ni agolo kọfí rẹ̀ wà, kọfí náà sì ti mu òórùn epo náà yó.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an ni, Bàbá."

Ó bu sí i fún mi.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìbéèrè tí ó dà bíi pé kò nítumọ̀: kí ló dé tí ìbọn kékeré, tó bá máa yìn jìnnà, fi ń fẹ́ ọta tó wúwo? Èrò mi ni pé ohun tó fúyẹ́ ló máa ń sáré. Òótọ́ ni, ó ń sáré. Ìwé náà pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ èèpo ẹ̀pà àti èkùrọ́ sókè pa pọ̀ lọ́jọ́ ọyẹ́ mọ ìdáhùn. Èkùrọ́ máa ń bọ́ sí ibi tí o sọ ọ́ sí. Èèpo ẹ̀pà, ilé ẹlòmíì ló ń balẹ̀ sí. Nítorí pé gbogbo ọta ìbọn kan náà gbọ́dọ̀ ní ìbú kan náà, èyí tó bá wúwo jù ló máa gùn jù, tó sì máa ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i tì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní gíréènì, tó kéré débi pé ó gbà ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó di gíráàmù kan. Oríṣi mẹ́ta la ní lórí tábìlì: ti gíréènì méjìléláàádọ́ta, ti mọ́kàndínláàádọ́rin, àti ti ọgọ́rin. Ti ọgọ́rin ni Bàbá ti yàn kí n tó dé. Ó máa ń gbé e dání bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Àmọ́ ó máa ṣubú jù, Bàbá. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀."

"Ìṣubú ní òfin. Ìwọ á ṣírò rẹ̀ fún mi. Afẹ́fẹ́ ńkọ́, dottoressa, ta ló máa ṣírò ìyẹn?"

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi.

Iṣẹ́ tí mo ṣe jù ní ìgbà ìrúwé yẹn ni wíwọn ọta. Ọgọ́rùn-ún ọta nínú àpótí kan, mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, mo ń pín wọn sí òkìtì mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó erùpẹ̀ tí èèyàn ń gbọn nù ní ìka. Ó yà mí lẹ́nu pé nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọta méjì tó jáde láti ẹnu ìbọn kan náà balẹ̀ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tẹ àǹtí mi láago nípa rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, wọ́n ní ilé ìdirun ní Mestre, ìlú kan nítòsí Padova, wọ́n sì wà lára àwọn tó san owó ilé-ìwé mi.

"Kí lo ní o ń ṣe?"

"Mo ń wọn ọta ìbọn, Àǹtí. Ti ìdíje ni. Wọ́n ń yìn ín sí bébà."

"Bébà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, kí bàbá àgbàlagbà kan lè dá bébà lu. Bébà ọ̀hún ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Àǹtí, eré ìdárayá ni."

"Bàbá wa ì bá ti fi ẹ̀tù yẹn pa ìgalà, a ò bá ti jẹun. Ó dáa. Ṣé ó ń ṣe ọ́ dáadáa? Ṣé ó ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Ó ń fún mi ní kọfí."

"Ó dáa náà nìyẹn."

Ohun kan wà tí mo ní láti ṣàlàyé kí ẹ lè mọ ohun tí mo ṣe. Inú ọ̀pá ìbọn kì í ṣe dídán lásán. Wọ́n gbẹ́ ipa tó lọ́ sínú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, bí ti ara súkúrúù. Ipa yìí ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bó ṣe ń jáde lọ. Gbogbo ọmọ tó ti ta òkòtó rí mọ̀ pé èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ń fẹ́ kí èèyàn yí i kíkankíkan. Tí kò bá yí tó, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta gígùn. Ìwé náà ní ọta ọgọ́rin ń fẹ́ ọ̀pá tí ipa rẹ̀ yí ká lẹ́ẹ̀kan láàárín ínṣì mẹ́jọ, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kà á fún Bàbá.

"Mẹ́jọ ni tèmi," ló wí. Ó tú igi ìbọn náà, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ mẹ́jọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ra ọ̀pá náà. Ẹni tó tà á fún un ló sọ fún un bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù kẹfà, ó ní kí n nu inú ọ̀pá náà. Irin gígùn kan la fi ń nù ún, tí a ń pè ní ọ̀pá ìnubọn; a máa ń so aṣọ mọ́ orí rẹ̀, ó sì máa ń yí fúnra rẹ̀ bí aṣọ náà ṣe ń tẹ̀ lé ipa tó lọ́ yẹn. Ìfẹ́ ìmọ̀ lásán ló sún mi dé ibẹ̀. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ara irin náà, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀, mo ń wo bébà náà bó ṣe ń yí lọ títí ó fi padà dé òkè. Mo fi rúlà wọn ibi tó dé. Ínṣì mẹ́jọ kò ju ogún sẹ̀ǹtímítà àti díẹ̀ lọ. Mẹ́tàlélógún ni mo rí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mẹ́tàlélógún ni. Ínṣì mẹ́sàn-án nìyẹn.

Bàbá wà ní ìdí tábìlì kejì, ó ń fi ẹnu súfèé. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pè é kí n sọ pé: mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Ahọ́n mi kò gbé e. Ìdí tí kò fi gbé e ni pé nílé wa, a kì í wojú àgbà ká sọ fún un pé ó ṣìnà. Ọ̀nà la máa ń là fún un. A ó bi í ní ìbéèrè, a ó dá ara wa lẹ́bi díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì rí ibi tí nǹkan ti wọ́, á tún un ṣe, kò ní sí ẹni tó máa tijú. Mo rò pé ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ṣe é dáadáa pàápàá, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé.

"Bàbá, bóyá ọ̀pá ìnubọn yìí ló ń tàn mí. Ó ń sọ nǹkan mìíràn fún mi nípa ipa yìí."

"Ó ti gbó. Jù ú nù, òmíràn wà níbẹ̀."

"Ọta mọ́kàndínláàádọ́rin yìí mà lẹ́wà o."

"Ó lẹ́wà fún ọ̀ọ́dúnrún mítà. Afẹ́fẹ́ àfonífojì wa máa jẹ ẹ́ bí búrẹ́dì."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, Bàbá."

Mo sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Yorùbá tó bá gbọ́ "ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù" lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹnu ọmọdé kan, yóò dìde, yóò lọ tún nǹkan yẹn wò. Bàbá gbà á bí ìyìn. Ó ní òun dúpẹ́, pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Mo lọ sílé, mo sọ fún ara mi pé mo ti sọ fún un.

Ní oṣù keje, a yìn ní ọgọ́rùn-ún mítà. Àwọn ihò náà sún mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò yíká tán. Wọ́n gùn díẹ̀, bí ẹyin. Bàbá ní bébà ló rin. Mo ní bóyá ni.

Ní oṣù kẹjọ, a wakọ̀ lọ sí àfonífojì náà láti fi ẹgbẹ̀ta mítà dánra wò. Ọjọ́ náà dára, àwọn àsíá kéékèèké tó ń fi ìrìn afẹ́fẹ́ hàn lójú ọ̀nà ọta kò mì. Ó yìn ọta mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ń tọ́jú bébà ní ọ̀hún fi tẹlifóònù pápá náà sọ pé mẹ́rin péré ló kan bébà. Bàbá ní kí ó tún un kà. Mẹ́rin ni. Nígbà tí wọ́n gbé bébà náà wá, èmi ni mo gbà á. Ihò méjì nínú mẹ́rin yẹn kì í ṣe ihò. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan fi ọta dùbúlẹ̀ lórí bébà, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òkòtó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ojú ọ̀nà.

"Má fi í hàn mí," Bàbá wí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi í sínú àpò rẹ̀. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò. Ojú mi ti lọ."

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà sí Torino, ó sọ pé òun kò ní forúkọ sílẹ̀ fún oṣù kẹsàn-án mọ́. Ọkùnrin kan ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ìbọn náà fún òun. Yóò ní kó wá gbé e ní ọjọ́ Sátidé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ aago tí bọ́ọ̀sì máa dé. Mo ká bébà náà sórí itan mi. Ojú tì mí débi pé ó ń dun ara mi, ní àyà, ní ọwọ́, bí ẹni pé èmi ni mo jí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé mo jí i lóòótọ́. Ojú rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mestre. Àǹtí mi ń tú irun àtọwọ́dá sí wẹ́wẹ́, kò sí oníbàárà kankan lọ́dọ̀ wọn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí òkòtó títí dé orí bébà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Oṣù kẹfà, mà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un. Mo ní, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù."

Wọ́n gbé ìyarun sílẹ̀. "O sọ ìyẹn fún òyìnbó?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àga oníbàárà. "Kò burú, tèmi náà ṣẹlẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òyìnbó kan ní kí n fi oògùn kan kun irun òun. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn á já a. Mo ní, 'Signora, irun yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù.' Ó ní brava, ìyẹn o káre, ó jókòó."

"Irun náà ńkọ́, mà?"

"Mo gbá a jọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ tó ń sin ojú ara rẹ̀ láàyè. Padà lọ."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ohun tí o rí. Ṣé o fẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún ọ ni? Mi ò gbọ́ físíìsì."

Ọjọ́ méjì ni mo fi kó ìgboyà jọ lọ́dọ̀ wọn, mo sì dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ti nu ìbọn náà, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sórí nínú ọkọ̀ ojú irin, láti Mestre dé Torino, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Mo mú ọ̀pá ìnubọn, mo so aṣọ mọ́ ọn, mo lẹ bébà mọ́ ara rẹ̀, mo fi í lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Lọ́la wọ́n á gbé e lọ."

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

Mo rò pé ohùn mi ló jẹ́ kó gbà. Kò wá gíláàsì rẹ̀. Ó ń ti irin náà wọlé, ó fi ìka kan lé bébà náà, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí lábẹ́ ìka rẹ̀. Nígbà tó padà dé òkè, ó fi èékánná sàmì sí i, ó na ọwọ́, mo fún un ní rúlà. Ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mẹ́sàn-án," ló wí.

"Mẹ́sàn-án ni, Bàbá." Mo ṣí bébà tó ní kí n má fi han òun, mo mú ìka rẹ̀ lé ihò gígùn náà. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ọta ló dùbúlẹ̀. Ojú yín kọ́."

Ó fọwọ́ pa etí ihò náà yíká, fún ìgbà pípẹ́.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láti oṣù kẹfà."

Mo ń retí kó pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí, mo ti rí ara mi bí afọ́jú. Mo ti ń ka àtẹ̀gùn ilé mi."

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé jù. Mo sọ nípa àgbà, nípa ọ̀nà tí a ń là, nípa "ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù". Mo ní ọ̀wọ̀ ni. Ó gbọ́ mi tán.

"O rí mi nínú òkùnkùn," ló wí, "o sì kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀. Mi ò fẹ́ irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó gbé rúlà náà sílẹ̀. "Kí ló tún kù tí o kò sọ fún mi?"

Mo ronú dáadáa, nítorí mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́. "Kọfí yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń rùn bí epo ìbọn. Láti oṣù kẹta."

Ó dìde, ó gbé agolo kọfí náà, ó ki imú bọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó tún gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń mu ún báyìí," ló wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ó pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha mẹ́jọ kúrò lára igi, ó kọ mẹ́sàn-án.

Ọta mọ́kàndínláàádọ́rin ni a yàn, èyí tí Bàbá ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ìwé náà gbà á fún ọ̀pá mẹ́sàn-án, a sì tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó dára fún ọta kan lè má dára fún òmíràn. A ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pín ọta bí mo ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀, ó di wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìwé náà, ó ń béèrè, mo ń dáhùn. Nígbà tó bá ṣìṣe nínú ìṣirò, mo máa ń sọ pé, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá." Mo wẹ̀yìn kí n tó sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mi ò wẹ̀yìn mọ́. Ọta yìí fúyẹ́ ju ti ọgọ́rin lọ, afẹ́fẹ́ yóò tì í jù, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìṣubú tìrẹ," Bàbá wí, "afẹ́fẹ́ tèmi."

Ní ọjọ́ ìdíje, mo jókòó ti awò ọ̀nà jíjìn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá yìn, ọkùnrin tó ń tọ́jú bébà máa ń fà á sílẹ̀, á fi àmì funfun kan bo ihò náà, á tún gbé bébà náà sókè. Èmi ni mo ń sọ ibi tí àmì náà wà, nítorí ó kéré jù fún ojú Bàbá. Àwọn àsíá ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń dúró, á wò wọ́n, á dúró sí i, nígbà tó bá yá á yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó wọ àárín gan-an. Àwọn yòókù wà yíká rẹ̀, àwọn kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mẹ́sàn-án wọlé.

Kó tó yìn ìkẹwàá, mo rí àsíá tó jìnnà jù bó ṣe dẹwọ́, tó wá yí padà. Ìbọn dún. Bébà lọ sílẹ̀, ó gòkè. Àmì náà wà ní ẹ̀bá bébà, lẹ́yìn gbogbo òrùka tí wọ́n yà sí i.

"Níbo?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mi nílé ló tò sí ẹnu mi: pé afẹ́fẹ́ ló yí, pé ó kù díẹ̀, pé ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

"Ó jáde," mo wí. "Apá òsì. Kò sí nínú òrùka kankan."

Ó rọra gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó ní, "Brava."

Nígbà tí wọ́n gbé bébà náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n mú ìka òun lé ihò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló yíká. Ó pẹ́ jù lórí ìkẹwàá, èyí tó wà ní ẹ̀bá, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá àléébù lára rẹ̀.

"Mo rí àsíá yẹn nígbà tó yí," ló wí. "Mo rí i. Mo kánjú ni." Ó ká bébà náà, ó fi í sí abíyá bó ṣe gbé ìwé Amẹ́ríkà yẹn sí i ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá bá mi. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. "Èmi ni, dottoressa. Kì í ṣe ojú."